Ta ló ka mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá náà?

Ẹni tó bá ti lanu sọ pé òun fẹ́ dáwọ́ lé òwò tara òun, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí yóò rọra sọ fún un pé mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá okòwò kékeré ló ń kógbá sílé kí ọdún kan tó pé. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu mọ̀lẹ́bí tí àyà ń já. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ tó dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọkùnrin kan tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn láti kọ́ wọn bí òwò wọn kò ṣe ní kú ló tún sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ bí ẹni pé inú ìwé mímọ́ ló ti kà á. Nígbà míì, mẹ́sàn-án á di mẹ́jọ. Nígbà míì, ọdún kan á di mẹ́ta tàbí márùn-ún. Ohun tí kì í yí padà ni pé kò sẹ́ni tó ń sọ ibi tí òun ti rí i. "Wọ́n ní" ni. Ta ni wọ́n, ìgbà wo sì ni wọ́n kà á?

Mi ò fẹ́ fi ibi tó rọrùn gba àsìkò yín. Ẹ ronú kan ilé ìtajà mẹ́wàá tó ṣojú yín nígbà tí wọ́n ń ṣí i. Ká ní òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn, ẹyọ kan péré ló yẹ kó ṣì máa lo pátákó tó fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọdún bá fi máa yípo. Àwọn tó ń kọ pátákó ìtajà ì bá ti lówó ju báńkì lọ.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ohun tí wọ́n kà sílẹ̀, Bureau of Labor Statistics, àjọ ìjọba tó ń ṣírò ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní àkọsílẹ̀ àwọn ibi iṣẹ́ tuntun láti 1994. Nínú 100 tó bá bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí 80 ló ń la ọdún kan já. Tó bá di ọdún márùn-ún, ó kù bí ìdajì. Tó bá di ọdún mẹ́wàá, ó kù bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Kódà nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní 2008 sí 2009, àwọn tó la ọdún àkọ́kọ́ já ṣì ju 70 nínú 100 lọ. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Kì í parí síbẹ̀. Wọ́n á ní, ó dáa, ilé oúnjẹ ńkọ́? Ilé oúnjẹ ni ibi tí ìgbàgbọ́ yìí máa ń sá pamọ́ sí tí ilẹ̀ bá gbóná fún un. Ní 2003, ìpolówó kan jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà tó sọ pé mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ilé oúnjẹ ló ń kú lọ́dún àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó polówó mú ẹ̀rí wá, wọn kò rí i mú wá. Ọ̀mọ̀wé H. G. Parsa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ tọpa àwọn ilé oúnjẹ ìlú Columbus ní ìpínlẹ̀ Ohio, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005. Lọ́dún àkọ́kọ́, bíi 26 nínú 100 ló lọ. Láàárín ọdún mẹ́ta, bíi 60. Ìyẹn kò kéré, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe kà á: ilé oúnjẹ tó bá ti bọ́ lọ́wọ́ olówó rẹ̀ sọ́wọ́ ẹlòmíì, wọ́n kà á mọ́ àwọn tó kú. Ẹni tó ta tirẹ̀ lówó gọbọi, tó ti wà nílé tó ń sinmi, òun náà wà nínú òkú 60 yẹn.

Ibí yìí ni mo fẹ́ jókòó sí, ẹ bá mi fara dà á. Kí ni à ń pè ní ikú òwò?

Obìnrin kan wà tí mo mọ̀ dáadáa, àpò ló ń rán: àpò kọ̀ǹpútà, àpò ìwé, àpò àwọn tó ń rìnrìn àjò. Ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta, ọmọ iṣẹ́ méjì, àti ìwé kan tó nípọn bí bíríkì tó ń kọ ohun gbogbo sí. Apá ẹ̀yìn ìwé yẹn, bíírò pupa nìkan ló fi ń kọ nǹkan síbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó jẹ ẹ́ lówó wà. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣe é. Lọ́dún kẹrin, ilé iṣẹ́ kan tó ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́ ní kó wá máa bójú tó ibi tí àwọn ti ń ránṣọ, owó oṣù tí wọ́n sì fi lọ̀ ọ́ ju èrè tó ń jẹ lọ. Ó jókòó ti ìwé rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ó san owó gbogbo ẹni tó jẹ, ó bá ọmọ iṣẹ́ méjèèjì wá ibi tí wọ́n máa lọ, ó ta ẹ̀rọ méjì, ó gbé ẹyọ kan lọ sílé, ó wá lọ fagi lé orúkọ òwò rẹ̀ ní ọ́fíìsì tó ti forúkọ sílẹ̀.

Mo bá a lọ. Fọ́ọ̀mù ojú ewé kan ni wọ́n fún un: orúkọ òwò, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, ọjọ́ tó dáwọ́ dúró, ibi ìbuwọ́lùwé. Wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀, ó parí. Ọkùnrin tó tò sẹ́yìn wa, tiẹ̀ ni òun náà wá fagi lé, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé oníbàárà kan ṣoṣo tí kò sanwó ló sọ òun dà báyìí. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Fọ́ọ̀mù kan náà ni wọ́n fún un, òǹtẹ̀ kan náà ni wọ́n lù ú. Tí ẹnì kan bá wá ka fọ́ọ̀mù yẹn lọ́dún tó ń bọ̀, òkú méjì ló máa rí.

Ohun tó ṣòfò lára gbogbo ìṣirò yìí nìyẹn: wọ́n ń ka ilẹ̀kùn tó tì, wọn kì í sábà béèrè ohun tó tì í. Brian Headd, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí okòwò kékeré, wà lára àwọn díẹ̀ tó wo ibẹ̀. Ó lo ìdáhùn tí àwọn tó ti kógbá sílé fún àjọ ìkànìyàn, ó sì tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 2003. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta wọn ló sọ pé òwò òun ń lọ dáadáa nígbà tí òun tì í. Àwọn kan fẹ̀yìn tì, àwọn kan tà á, àwọn kan rí iṣẹ́ tó dáa jù ú lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Ta ló máa jẹ́wọ́ fún àjèjì pé òun kùnà? Òótọ́ ni, ẹni tó ṣubú máa ń gbọn eruku ara kó tó dáhùn. Ẹ yọ díẹ̀ kúrò nítorí ìyẹn. Ẹ tún yọ díẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Bí ẹ bá yọ ọ́ tó yọ ọ́, ohun tó kù ṣì pọ̀ ju kí á kàn máa pe gbogbo ilẹ̀kùn tó tì ní sàréè.

Ẹ wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà. Nínú àkọsílẹ̀ Office for National Statistics, àjọ tó ń ṣírò nǹkan fún ìjọba níbẹ̀, ó ju 90 nínú 100 lọ tó ń la ọdún kan já, àmọ́ bíi 40 péré ló ń rí ọdún karùn-ún. Ṣé oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì wá le ju ti Amẹ́ríkà lọ lọ́dún kìíní ni, tí okun inú rẹ̀ tán kó tó di ọdún karùn-ún? Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kà ni kò dọ́gba. Àwọn tọ̀hún ń wo ìwé owó orí àti ti òṣìṣẹ́. Àwọn ti Amẹ́ríkà ń ka ibi iṣẹ́ tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n tún gbólóhùn yẹn sọ, nítorí òun ló da gbogbo rẹ̀ rú: ibi iṣẹ́ tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́. Ẹni tó ń dá ṣe òwò rẹ̀, tó jẹ́ pé òun ló ń rà, òun ló ń tà, òun ló ń gbálẹ̀, kò sí nínú 100 tí mo fi ṣàpẹẹrẹ lókè yẹn. Irú wọn sì ju 20 mílíọ̀nù lọ ní Amẹ́ríkà nìkan. Wọ́n fi ìlọ́po púpọ̀ ju àwọn tó gba òṣìṣẹ́ lọ. Àwọn gan-an ló máa ń wá sí wa lọ́kàn tí a bá pe okòwò kékeré, àwọn gan-an ni kò sí nínú kíkà. Ó ṣeé ṣe kí tiwọn máa yára tì ju ti àwọn yòókù lọ. Mo tiẹ̀ rò pé ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀ rọrùn láti fi sílẹ̀. Bóyá ó wá burú tó mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ́dún kan? Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, kó gbé ìwé tó fi kà á sílẹ̀.

Nítorí náà, ibi tí mo dé kò fi gbogbo ara dúró, mo gbà. Ẹni tó ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá kò lè fi òkú rẹ̀ hàn wá. Èmi tí mo ní bí ìdajì láàárín ọdún márùn-ún lè fi tèmi hàn, ṣùgbọ́n n kò lè búra pé òkú ni gbogbo wọn, n kò sì lè búra pé mo ka gbogbo ẹni tó yẹ ní kíkà.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń mú mi bínú ni pé ó ń sọ ikú òwò di àyànmọ́, ẹni tó bá sì ti gbà pé àyànmọ́ ni kì í yẹ ìwé owó rẹ̀ wò. Ọkùnrin tó tò sẹ́yìn wa lọ́jọ́ yẹn, ó ní ọjà òun ń tà. Mo gbà á gbọ́. JPMorgan Chase Institute, ẹ̀ka ìwádìí báńkì JPMorgan Chase, wo àkáǹtì àwọn okòwò kékeré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600,000 ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì sọ ní 2016 pé èyí tó wà láàárín gbùngbùn wọn, owó tó ní nílẹ̀ kò lè gbé e ju ọjọ́ 27 lọ tí kọ́bọ̀ kan kò bá wọlé mọ́. Ní Yúróòpù, òfin tí wọ́n ṣe ní 2011 nítorí àwọn tí kì í sanwó lásìkò fàyè gba ọjọ́ 60 láàárín oníṣòwò sí oníṣòwò, ó tilẹ̀ lè gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ tí àwọn méjèèjì bá fọwọ́ sí i. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Síbẹ̀, ẹ gbé 27 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 60 kí ẹ wò ó.

Ẹ sọ pé ẹnì kan ní kí ẹ rán 40 àpò fún òun. Ẹ san owó aṣọ lónìí, ẹ san owó ọmọ iṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, ẹ kó ọjà lọ, wọ́n ní ó di oṣù méjì. Nínú ìwé, ẹ ti jèrè. Lápò, ilẹ̀ ti gbẹ. Kí oṣù méjì yẹn tó pé, ẹni náà tún dé, ó ní 100 ni òun ń fẹ́ báyìí. Inú yín dùn, ẹ yáwó ra aṣọ. Òwò tó ń tà wàràwàrà ló ń kú ikú yìí, ìdí nìyẹn tí kì í fi yé àwọn tó ń wòran. Obìnrin alápòó yẹn mọ̀ ọ́n: nínú àwọn ojú ewé pupa rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn yóò san ló ń kọ ṣáájú iye owó. Ó máa ń gba ìdajì kó tó gé aṣọ. Oníbàárà tó bá kọ̀ láti san ìdajì, ó máa ń rán ìwọ̀nba èyí tí kò ní pa á lára tí owó náà kò bá wọlé láéláé. Ó pàdánù àwọn oníbàárà kan nítorí ìyẹn, ó sì dùn ún.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá fi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, tó wá fi iye owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ parí rẹ̀. Ẹ bi í pé èèyàn mélòó ló ti kọ́, mélòó ni òwò wọn ṣì wà, kí ló sì ń pè ní "wà". Ẹ tún ṣọ́ra fún èmi náà. Ẹni tó bá ka 80 nínú 100 níbí, tó lọ fi ilé tó ń gbé dúró fún gbèsè, mi ò sí níbẹ̀ o. 80 yẹn kò mọ̀ yín rí.

Ẹ̀rọ ìránṣọ kẹta yẹn ṣì wà nínú yàrá obìnrin náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Lópin ọ̀sẹ̀, ó máa ń fi rán àpò méjì tàbí mẹ́ta fún àwọn oníbàárà àtijọ́ tí kò gbà kó sinmi, ìdajì owó náà ló sì ṣì ń kọ́kọ́ gbà. Tí a bá ní ká tẹ̀ lé ìwé tí wọ́n lù ní òǹtẹ̀, òkú ló ń rán an.