Nọ́ńbà tí kò ṣeé pín: kí ni wọ́n rí gan-an?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni ìròyìn jáde pé ọmọ Amẹ́ríkà kan, Luke Durant, rí nọ́ńbà kan tó ga ju gbogbo irú rẹ̀ lọ. Nígbà tí ìròyìn náà fi máa tàn dé ọ̀dọ̀ àwa Yorùbá ní Kubwa àti Nyanya, ní Abuja, ó ti di “nọ́ńbà tó tóbi jù lọ láyé.” Ìdáhùn wa nìyí.

Ṣé òun ló tóbi jù lọ lóòótọ́?

Rárá. Ẹ fi 1 kún un, ẹ ti ní èyí tó jù ú lọ.

Kí ni wọ́n wá rí?

Nọ́ńbà àìṣeépín ni. Ẹ mú ọsàn 12 lórí àtẹ ní ọjà Wuse: a lè tò ó ní méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin tàbí mẹ́fà-mẹ́fà, kò sì ní ṣẹ́ kù. Bí ó bá jẹ́ 13, bí ìyá ọlọ́sàn ti wù kó tò ó, òkìtì kan yóò yàtọ̀, àyàfi tó bá tò ó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan tàbí tó kó gbogbo rẹ̀ sójú kan. Irú 13 ni nọ́ńbà yìí, òun ló sì tóbi jù nínú irú rẹ̀ tí wọ́n tíì rí nígbà náà.

Báwo ló ṣe tóbi tó?

Ẹ mú 2 lọ́nà 136,279,841, ẹ fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀, kí ẹ sì yọ 1 kúrò. Díjíìtì 41,024,320 ni ẹ ó rí. Bí akọ̀wé kan bá ń kọ díjíìtì kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, tí kò jẹun, tí kò sì sùn, yóò lò tó ọjọ́ 475. Síbẹ̀, ẹ lè mọ díjíìtì tó gbẹ̀yìn láìgbé bírò: 2, 4, 8, 16, 32, 64, ìparí wọn ń yípo ní 2, 4, 8, 6. Bí a bá fi 4 pín 136,279,841, 1 ni yóò ṣẹ́ kù, nítorí náà 2 ni ìyípo náà dúró sí. Ẹ yọ 1, ó ku 1.

Ṣé gbogbo nọ́ńbà tí a bá ṣe báyìí ni kò ṣeé pín?

Ó ti o. Ẹ ṣe é pẹ̀lú 2 mọ́kànlá, ẹ ó rí 2,047, èyí tí 23 pín sí ọ̀nà 89.

Ǹjẹ́ a óò rí èyí tó kẹ́yìn lọ́jọ́ kan?

Euclid, ará Gíríìkì, ti dáhùn èyí ní nǹkan bí ọdún 2,300 sẹ́yìn: kò sí èyí tó kẹ́yìn. Ká ní ẹnìkan búra pé 2, 3, 5, 7, 11 àti 13 nìkan ló wà. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ pọ̀, ẹ fi 1 kún un, ó di 30,031. Èyíkéyìí tí ẹ bá fi pín in nínú mẹ́fà náà, 1 ni yóò ṣẹ́ kù. Kí ẹ má ṣì mí gbọ́: n kò sọ pé 30,031 fúnra rẹ̀ kò ṣeé pín, nítorí 59 pín in sí ọ̀nà 509. Ohun tí mò ń sọ ni pé 59 àti 509, tí àwọn náà kò ṣeé pín, kò sí nínú àkọsílẹ̀ ẹni tó búra. Bí àkọsílẹ̀ náà ti wù kó gùn tó, ibi kan náà ni ọ̀rọ̀ yóò já sí.

Ṣé owó mi ní báńkì wà nínú ewu?

Rárá. Lóòótọ́ ni wọ́n ń fi nọ́ńbà àìṣeépín ṣe kọ́kọ́rọ́ tó ń bo àṣírí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ó rọrùn fún kọ̀ǹpútà láti sọ méjì di púpọ̀, ṣùgbọ́n ó nira púpọ̀ láti inú èsì náà tú méjèèjì jáde. Àmọ́ èyí tí wọ́n ń lò kò ju díjíìtì ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ, a sì máa ń fi í pamọ́. Kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ gbogbo ayé kò lè ti ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ẹni tó pè yín lórí fóònù pé kí ẹ sọ PIN yín ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ṣé èmi náà lè wá èyí tó kàn?

Ẹ lè ṣe é. GIMPS, ẹgbẹ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà wá irú nọ́ńbà yìí, tí Durant sì bá ṣiṣẹ́, ń fún ènìyàn ní ètò kọ̀ǹpútà náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n òun lo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ ní orílẹ̀-èdè 17, ẹ̀bùn tó sì wà fún un kò ju dọ́là 3,000 lọ. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò owó bẹntiróòlù tí jẹnẹrétọ̀ yín yóò mu.

Bí ẹnìkan bá fẹ́ ta nọ́ńbà náà fún mi ńkọ́?

Ẹ má rà á. Ọ̀fẹ́ ni.