Bí máìlì bàálù ṣe ń di ìjókòó bísínẹ́ẹ̀sì fún ará Abẹ́òkúta

Lójú ìwé tíkẹ́ẹ̀tì tí ejẹ́ńtì ń tẹ̀ fún arìnrìn-àjò ní Òkè-Ìlewó tàbí Pánṣẹ́kẹ́, àyè kan wà tó sábà máa ń ṣófo. Àyè nọ́ńbà ẹgbẹ́ máìlì ni, ìyẹn ẹgbẹ́ tí iléeṣẹ́ bàálù fi ń fún oníbàárà ní àmì tó lè fi gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ iwájú; àmì ọ̀hún ni wọ́n ń pè ní máìlì. Bí nọ́ńbà bá wà níbẹ̀, apá kan nínú owó tí wọ́n san yóò padà sọ́dọ̀ ẹni tó rìnrìn-àjò gẹ́gẹ́ bíi máìlì. Bí kò bá sí níbẹ̀, bàálù á gbéra ní Ìkẹjà, á balẹ̀ ní Lọ́ndọ̀nù, ọ̀rọ̀ sì ti parí nìyẹn. Ìyá mélòó ló ti lọ wẹ ọmọ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin láti Abẹ́òkúta, tí kò ní máìlì kan ṣoṣo? Ó dunni, nítorí ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń forúkọ sílẹ̀, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lórí fóònù.

Ọdún 1981 ni American Airlines dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n pè ní AAdvantage. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, United, iléeṣẹ́ bàálù Amẹ́ríkà mìíràn, náà ti gbé tirẹ̀ jáde. Nígbà yẹn, máìlì tí bàálù fò gan-an ni wọ́n ń kà fún èèyàn. Lónìí, orúkọ lásán ló kù lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ wọn. British Airways ń fún ọmọ ẹgbẹ́ tuntun ní Avios 6 (orúkọ tí wọ́n ń pe máìlì tiwọn nìyẹn) lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan. Flying Blue, tó jẹ́ ti Air France àti KLM, ń fún un ní máìlì 4 lórí yúrò kọ̀ọ̀kan. Owó tó jẹ́ ti ìjọba nínú tíkẹ́ẹ̀tì kò sí nínú ìṣirò yìí, ìdí nìyẹn tí máìlì tó wọlé fi máa ń kéré sí ohun tí èèyàn rò. Ẹni tó wọ bàálù iléeṣẹ́ kan, tó ní kí wọ́n kọ máìlì rẹ̀ sí ẹgbẹ́ iléeṣẹ́ mìíràn, ìjìnnà àti lẹ́tà ara tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sábà máa ń wò fún un. Lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn ló ń sọ irú tíkẹ́ẹ̀tì tó jẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì tó rọjú jù lọ lè mú ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì ọ̀nà náà wá, ó sì lè má mú nǹkan kan wá. Kó tó sanwó, ó yẹ kéèyàn bi ejẹ́ńtì léèrè pé, "Lẹ́tà wo ni?"

Ẹni tó bá mọ àjọ dídá á tètè lóye ìyókù. Alájọ ń gba owó lójoojúmọ́, ó ń fi ìlà sí káàdì, nígbà tí oṣù bá pé, ó mú owó ọjọ́ kan, ó dá ìyókù padà. Náírà ló gbà, náírà náà ló sì dá padà. Iléeṣẹ́ bàálù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Owó tirẹ̀, tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ló ń fúnni, òun náà ló sì ń sọ iye tí owó ọ̀hún lè rà. Ìjókòó tó jẹ́ máìlì 50,000 lánàá lè di 70,000 lọ́la, kò sì sẹ́ni tó máa bi wọ́n. Owó gidi sì ni lọ́wọ́ àwọn fúnra wọn: lọ́dún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dá bàálù dúró, United fi ẹgbẹ́ máìlì rẹ̀ dógò láti yá bílíọ̀nù 6.8 dọ́là. Àwọn báńkì ló ń ra máìlì lọ́wọ́ wọn láti fi fa oníbàárà mọ́ra, èrè ibẹ̀ sì pọ̀. Nítorí náà, máìlì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kó jọ fún ọjọ́ ogbó. Ẹni tó rí bí náírà ṣe já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2023 kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí: kí wọ́n kó o jọ fún ìrìn-àjò kan pàtó, kí wọ́n sì ná an nígbà tó bá pé.

Ibo ni kí wọ́n ná an sí? Ìṣirò kékeré kan ló ń sọ ọ́. Kí wọ́n mú iye tí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ lówó, kí wọ́n yọ owó tí wọ́n ṣì máa san bí wọ́n bá lo máìlì, kí wọ́n fi iye máìlì pín ìyókù. Ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Bí tíkẹ́ẹ̀tì ìkónọ́mì, ìyẹn ìjókòó gbogbo èrò, bá jẹ́ ₦1,700,000, tí wọ́n sì ń béèrè máìlì 30,000 pẹ̀lú ₦800,000, máìlì kan ti di ₦30. Bí bísínẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ìjókòó ńlá tó gbówó lórí, lójú ọ̀nà kan náà bá jẹ́ ₦4,500,000, tí wọ́n ń béèrè máìlì 60,000 pẹ̀lú ₦900,000, máìlì kan ti di ₦60. Máìlì kan náà ni o, ìlọ́po méjì ni iye rẹ̀ ní bísínẹ́ẹ̀sì. Owó bísínẹ́ẹ̀sì ga lọ́nà tí máìlì tí wọ́n ń béèrè fún un kì í fi í ga tó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo àǹfààní ọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹnì kan lè sọ pé òun ò ní fi mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì láéláé, nítorí náà ₦60 yẹn kì í ṣe owó òun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fún ìyá ẹni àádọ́rin ọdún tí orúnkún ń dùn, àǹfààní láti na ẹsẹ̀ sùn fún wákàtí mẹ́fà ní iye tirẹ̀ tí a ò lè fi náírà wọ̀n.

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ṣùgbọ́n ọgbà kan ló gbọ́dọ̀ máa wọ̀. Ẹni tó ní máìlì 6,000 níbí, 9,000 lọ́hùn-ún, àti 4,000 níbòmíràn kò ní nǹkan kan. Ohun tó mú kí kíkó o sójú kan ṣeé ṣe ni pé àwọn iléeṣẹ́ ti para pọ̀ di ẹgbẹ́ ńlá mẹ́ta: Star Alliance lọ́dún 1997, oneworld lọ́dún 1999, SkyTeam lọ́dún 2000. Ní Ìkẹjà, Ethiopian, Lufthansa, Turkish àti EgyptAir jẹ́ ti Star Alliance. Air France, KLM, Delta àti Virgin Atlantic jẹ́ ti SkyTeam. British Airways àti Qatar jẹ́ ti oneworld, àwọn méjèèjì sì ń lo Avios kan náà látọdún 2022, tí èèyàn lè gbé láti ọwọ́ ọ̀kan sí èkejì. Àpò kan, ilẹ̀kùn púpọ̀. Oníṣòwò àdìrẹ Ìtòkú tó bá Ethiopian gba Addis Ababa lọ, tó sì bá Turkish gba Istanbul lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, lè fi nọ́ńbà ẹgbẹ́ kan ṣoṣo gba máìlì ìrìn-àjò méjèèjì.

Emirates kò sí nínú èyíkéyìí nínú ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tó dáwọ́ fífò sí Nàìjíríà dúró lọ́dún 2022 nítorí owó rẹ̀ tó há síbí, títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ló tó padà. Máìlì Skywards, tó jẹ́ ẹgbẹ́ máìlì Emirates, sì ń kú lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, yálà bàálù ń wá síbí tàbí kò wá. Ọ̀nà kan ò wọjà. Máìlì tó ní ilẹ̀kùn púpọ̀ dára fún wa ju èyí tó ní ẹyọ kan lọ, bí bàálù tòhún tilẹ̀ tura. Avios máa ń kú bí ohunkóhun kò bá wọlé tàbí jáde fún oṣù 36. Máìlì Delta kì í kú.

Ìṣòro ńlá tó wà ni pé fífò nìkan kì í tètè mú máìlì pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, orí káàdì táwọn èèyàn fi ń rajà láwìn ni ọ̀pọ̀ ti ń rí tiwọn, káàdì báńkì tiwa níbí kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ẹni tó ni máìlì jẹ́ ẹni tó máa wọ bàálù. Ọmọ tó wà ní Houston, tó ń fi káàdì American Express tàbí ti Chase ra oúnjẹ àti epo mọ́tò, lè kó àmì tó bá rí síbẹ̀ lọ sí Flying Blue tàbí Avios, kó sì fi gba ìjókòó bísínẹ́ẹ̀sì fún ìyá rẹ̀ ní Ìbarà. Lójú tèmi, èyí ni ọ̀nà tó sún mọ́ ará Abẹ́òkúta jù lọ, àwọn ọmọ tó wà lókè òkun kò sì mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ àwọn. Àwọn ẹgbẹ́ kan tún ń jẹ́ kí ìdílé da máìlì pọ̀: Flying Blue ń gba èèyàn mẹ́jọ sínú àpò kan.

Ẹni tí kì í ṣe ẹbí tó ń ta máìlì ni kí wọ́n sá fún. Iléeṣẹ́ bàálù kò fàyè gba títà á láàárín ara ẹni. Bísínẹ́ẹ̀sì ìdajì owó tí wọ́n ń polówó lórí WhatsApp lè jẹ́ èyí tí wọ́n fi máìlì àjèjì gbà. Bí iléeṣẹ́ bá fura, wọ́n á fagi lé e, ojú káńtà ní Ìkẹjà sì ni arìnrìn-àjò ti máa gbọ́.

Máìlì pé, ó ku ìjókòó. Ìjókòó díẹ̀ ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún máìlì nínú bàálù kọ̀ọ̀kan. British Airways ń ṣí tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ 355 ṣáájú ìrìn-àjò, ẹni tó bá tètè dé ló ń rí i. Ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn náà tún dára, nítorí ìgbà yẹn ni iléeṣẹ́ ń mọ èyí tí kò ní í rí ẹni rà á. Ará ilé sì ní àǹfààní kan tí ará òkè òkun kò ní: ní oṣù Kejìlá, gbogbo ayé ń bọ̀ wálé, bàálù tó ń bọ̀ kún fọ́fọ́, àmọ́ èyí tó ń kúrò ní Ìkẹjà ṣì láyè. Tó bá di oṣù Kìíní, ó yí padà. Ẹni tó bá jáde kí Kérésì tó dé, tó sì padà lẹ́yìn ọdún tuntun, òdìkejì èrò ló ń rìn.

Owó orí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gbà lórí tíkẹ́ẹ̀tì tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gbéra láti Lọ́ndọ̀nù sí Nàìjíríà ló ń san án, kì í ṣe ẹni tó ń ti Nàìjíríà lọ síbẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025 títí di oṣù kẹta ọdún 2026, £90 ni fún ìkónọ́mì, £216 ni fún bísínẹ́ẹ̀sì, máìlì kì í sì í san án. Ìdí nìyẹn tó fi dáa kí wọ́n na máìlì sórí àlọ, kí wọ́n mú bàálù òru tí wọ́n máa lè sùn nínú rẹ̀, kí wọ́n sì fi ìkónọ́mì padà lójúmọmọ. Bàálù òru tún rọrùn fún ẹni tó ń ti Abẹ́òkúta bọ̀: ó lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ládèrin dé Agége lọ́sàn-án, kò sì ní sáré ojú ọ̀nà Sàngó-Ọ̀tà.

Orúkọ máa ń fa wàhálà níbí. Orúkọ inú ẹgbẹ́ máìlì gbọ́dọ̀ bá ti ìwé ìrìnnà mu. Obìnrin tó forúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀, tó wá ń fi orúkọ ọkọ rìn, máìlì rẹ̀ kò ní í wọlé. Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ ìdílé rẹ̀ ṣáájú náà lè bá irú rẹ̀ pàdé. Kí wọ́n tọ́jú ìwé ìwọ bàálù títí máìlì á fi hàn, nítorí àwọn ẹgbẹ́ ń gba ẹ̀bẹ̀ lórí máìlì tí kò wọlé láàárín oṣù díẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn wọn kì í gbọ́ mọ́.

Ẹni tó ń rìn léraléra tún lè di ẹni ọlá nínú ẹgbẹ́. Oyè Gold ti Star Alliance ń fúnni ní láúǹjì, ìyẹn yàrá ìsinmi ní pápákọ̀ òfurufú, àti ẹrù kan sí i tàbí 20 kílò lé e. Fún ẹni tó ń gbé láfún àti àdìrẹ lọ fún àwọn ọmọ, kì í ṣe ohun kékeré.

Bí ìjókòó bá ti jáde, kí wọ́n gbà á kí físà tó dé. Tíkẹ́ẹ̀tì máìlì sábà máa ń ṣeé dá padà ṣáájú ìrìn-àjò, owó díẹ̀ ni wọ́n ń yọ, máìlì á sì padà sínú àpò. Tíkẹ́ẹ̀tì tó rọjú tí wọ́n fi owó rà kì í sábà ní àyè yẹn, bí ọ́fíìsì físà bá sì sọ pé rárá, owó rẹ̀ ti lọ.