Egbò Àdáàjinná Kì Í Ṣe Àbílù

Bí egbò bá ti lò ju oṣù kan lọ lẹ́sẹ̀ èèyàn, ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ládùúgbò. Wọ́n á ní ó tẹ oògùn ni. Wọ́n á ní àbílù ni, kì í ṣe egbò ọsibítù. Ẹ̀gbọ́n màmá mi gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ títí wọ́n fi gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn méjì.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àbílù wọni létí ni pé a rò pé irú egbò bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Kò ṣọ̀wọ́n rárá. Kárí ayé, nínú 100 àgbàlagbà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó lé ní 10 tó ní egbò tí ìdùbúlẹ̀ lójú kan náà dá sí wọn lára, pàápàá ní ìdí àti ní gìgísẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń yí aláìsàn padà léraléra. Ní ti àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, nǹkan bí 19 sí 34 nínú 100 ni egbò ẹsẹ̀ máa ń bá nígbà ayé wọn.

Àtọ̀gbẹ ni ti ẹ̀gbọ́n màmá mi. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ti ọjà dé, wọ́n bọ́ bàtà, òkúta wẹ́wẹ́ kan sì já bọ́ nínú rẹ̀. Orí òkúta yẹn ni wọ́n rìn lọ tí wọ́n rìn bọ̀. Awọ ibẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń jáde, àwọn sì ń bá wa rẹ́rìn-ín, torí kò dùn wọ́n.

Bí ṣúgà bá pọ̀ jù tó sì pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń ba iṣan tó ń jẹ́ ká mọ ìrora jẹ́, ẹsẹ̀ á wá kú. Ó tún máa ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ohun tí ara fi ń wo egbò sàn. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ń fi omi gbígbóná àti iyọ̀ jó egbò náà láràárọ̀, ẹsẹ̀ tí kò mọ gbígbóná mọ́! Wọ́n já kápúsù dà sí i, ó gbé èépá, a dúpẹ́. Abẹ́ èépá yẹn ni ọyún ti ń jẹ ẹran lọ.

Kì í ṣe ṣúgà nìkan o. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ SS, ẹ̀gbẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ ni tiẹ̀ sábà máa ń wà. Ẹlòmíràn, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó gòkè padà ló ń dúró sí ojúgun rẹ̀. Báńdéèjì tó fún ni wọ́n fi ń tọ́jú ìyẹn, bí dókítà bá ti yẹ ẹsẹ̀ náà wò. Egbò Buruli sì wà, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ bíi kókó tí kì í dunni. Kòkòrò àrùn tí ojú lásán ò lè rí ló ń fà á, oògùn ọ̀sẹ̀ 8 sì ni wọ́n ń lò sí i. Ilé ìwòsàn kan wà fún un ní Pobẹ̀ nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àwọn ará Nàìjíríà náà sì máa ń sọdá lọ síbẹ̀.

Bí egbò bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí kò kéré sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà yín wò. Bí ẹ bá sì ti mọ̀ pé ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹ má dúró di ọ̀la.

Lálaalẹ́ báyìí, ẹ̀gbọ́n màmá mi máa ń gbé dígí kékeré sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn láti wò ó. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á gbọn bàtà méjèèjì, wọ́n á ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, kí wọ́n tó wọ̀ ọ́.