Igi tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbìn

Bí ilẹ̀ bá ti ń di aṣálẹ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí ìjọba lọ́kàn ni kí wọ́n gbin igi. Kọmíṣọ́nnà á dé, á fi ṣọ́bìrì bu erùpẹ̀ sídìí irúgbìn inú ọ̀rá, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á wọkọ̀ lọ. Kí ẹ̀ẹ̀rùn kan tó kọjá, ewúrẹ́ ti jẹ díẹ̀ níbẹ̀, oòrùn ti pa ìyókù.

Ní agbègbè Maradi, ní orílẹ̀-èdè Niger, lókè Katsina, Tony Rinaudo, onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn ará Ọsirélíà, náà gbin igi títí láyìíká ọdún 1980, ọ̀pọ̀ jù lọ ló sì ń kú. Ní 1983 ló wá fara balẹ̀ wo àwọn igi ṣúúrú kéékèèké tó kún inú yanrìn. Kùkùté ni wọ́n. Igi ńlá tí wọ́n ti gé lulẹ̀ ló ń hù lọ́dọọdún, tí àgbẹ̀ sì ń gé e dànù kó tó gbin jéró. Gbòǹgbò ṣì wà láàyè, ó sì ti jinlẹ̀ dé ibi tí omi wà, níbi tí igi tuntun ò lè dé bọ̀rọ̀. Igbó odidi kan wà lábẹ́ ilẹ̀ náà tí wọn ò rí.

Ọgbọ́n rẹ̀ wá kù sí ẹnu àdá. Kùkùté kan lè hu èèhù tó pọ̀ lọ jàra. Bí a bá fi gbogbo wọn sílẹ̀, bí ọmọ 20 tó yí àwo àmàlà kan ká ni wọ́n ṣe máa rí: eléyìí bu òkèlè, tọ̀hún ti fa ẹran, kò sẹ́ni tó yó, gbogbo wọn ló rù. Nítorí náà àgbẹ̀ á yan ìwọ̀nba díẹ̀ tó tọ́, tó sì nípọn, á gé àwọn tó kù. Àwọn tó lé kúrò nídìí àwo ò lọ lásán, wọ́n di igi ìdáná. Lẹ́yìn náà á rẹ́ ẹ̀ka ìsàlẹ̀ títí dé nǹkan bí ìdajì gíga igi, kí oúnjẹ lè máa gòkè. Tó bá dàgbà, ó lè gé ọ̀kan tà, kí èèhù mìíràn sì rọ́pò rẹ̀.

Igi tí àwọn Hausa ń pè ní gao tún ní ìwà tirẹ̀: ìgbà òjò ló ń wọ́wé, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń rúwé. Nígbà tí jéró ń wá oòrùn, gao ò ṣíji bò ó, ewé rẹ̀ tó já sì ti di ajílẹ̀. Àwọn igi yòókù, bíi kalgo tó jẹ́ ìbátan abàfẹ̀, ń dá afẹ́fẹ́ dúró. Tẹ́lẹ̀, yanrìn tí afẹ́fẹ́ ń gbé a máa sin jéró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, àgbẹ̀ á sì tún un gbìn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìyàn 1984, èyí tí wọ́n ń pè ní El Buhari níbẹ̀ torí ààlà tí Nàìjíríà tì, ló mú kí ọ̀pọ̀ gbà á wò: ẹni tó bá fi èèhù sílẹ̀ lóko á gba oúnjẹ. Nígbà tí oúnjẹ ọ̀fẹ́ tán, àwọn kan gé e. Àwọn tó fi sílẹ̀ jèrè, aládùúgbò sì wò wọ́n kọ́ṣe.

Lójú tèmi, òfin lágbára ju àdá lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti ayé àwọn Faransé títí di ìgbà náà, ìjọba ló ni igi, kódà èyí tó hù láàárín oko ẹni. Nígbà náà, ẹni tó gé e láìgbàṣẹ lè san owó ìtanràn. Ta ló máa tọ́jú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀? Ó yá a lára kó ké e nígbà tó ṣì kéré, kí ẹ̀ṣọ́ igbó tó rí i. Ìgbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ dẹwọ́, tí àgbẹ̀ rí i pé òun lòun máa ta igi tí òun tọ́, ni iṣẹ́ náà tàn ká. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi àwòrán sátẹ́láìtì wò ó, ó ti dé nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà.

Ibẹ̀ náà ni àléébù rẹ̀ wà. Ẹni tó yá ilẹ̀ dáko ò mọ̀ bóyá òun ló máa gé igi náà lọ́dún márùn-ún sí i, torí náà kì í fẹ́ dá a sí. Àwọn darandaran tó ń gba oko kọjá ní ẹ̀ẹ̀rùn sì nílò ewé kan náà tí olóko ń ṣọ́. Níbi tí wọn ò bá ti jókòó pọ̀ ṣàdéhùn ṣáájú, ìjà ló ń dá sílẹ̀.