Ardent: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí iná wà nínú rẹ̀

Ìbéèrè: Mo ka ibì kan tí wọ́n ti pe ọkùnrin kan ní "an ardent supporter" ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Ṣé alátìlẹ́yìn náà kọ́ nìyẹn?

Ìdáhùn: Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Alátìlẹ́yìn lásán lè gbàgbé pé ẹgbẹ́ òun ń gbá bọ́ọ̀lù lónìí. Ti ardent kò ní gbàgbé. Òjò ì báà máa rọ̀, kí wọ́n sì ti gbá góòlù mẹ́rin sáwọ̀n ẹgbẹ́ rẹ̀, kò ní dìde títí wọn yóò fi fọn fèrè ìkẹyìn. Èmi á pè é ní "onítara", tàbí kí n ní ó ń ṣe é tọkàntara.

Ìbéèrè: Níbo ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá?

Ìdáhùn: Ibí ló ti dùn. Ardere ni wọ́n ń pè é nínú èdè Látìn, ìyẹn kí nǹkan máa jóná. Ó gba inú èdè Faransé wọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí kan náà ni arson, ẹ̀sùn dídáná sun ilé, ti hù. Ọtí líle pàápàá, "ardent spirits" ni wọ́n ń pè é láyé àtijọ́. Ṣáná sí i, yóò gbiná. Bí iná ojú ààrò ṣe di iná inú ọkàn nìyẹn. Kò yẹ kó ya àwa lẹ́nu, àwa tí a ń sọ pé ẹnì kan ní ìgbóná ọkàn.

Ìbéèrè: Ṣé mo wá lè fi pe omi gbígbóná?

Ìdáhùn: Rárá o! Hot ni ti omi. Lóde òní, èèyàn àti ohun tó ti ọkàn rẹ̀ jáde ni ardent wà fún: ardent lover, ardent prayer, ardent wish. Ẹ má sì gbàgbé pé an ló ń ṣáájú rẹ̀, kì í ṣe a.

Ìbéèrè: Avid, fervent àti zealous ńkọ́?

Ìdáhùn: Ọmọ ìyá ardent ni ká pe fervent: híhó bí omi orí iná ni Látìn fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ojúkòkòrò ni orísun avid, ìyẹn ni "avid reader" ṣe jẹ́ ẹni tí ìwé kì í tó. Zealous lè jẹ́ ìyìn, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá pè yín ní overzealous, ìyẹn onítara àṣejù, ẹ má dúpẹ́ o.