Bí Kíláàsì Púpọ̀ Ṣe Ń Lo Àkójọ Ọ̀nà Kan Ṣoṣo Nínú Áàpù Íntánẹ́ẹ̀tì

Ká sọ pé wọ́n ń kọ áàpù kan ní Kábbà tí yóò máa sọ iye tí wọ́n ń ta kajú àti iṣu lọ́jà káàkiri ilẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Ẹni tó wà ní Ìsánlú tẹ /oja/mopa sórí fóònù rẹ̀. Lójú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá fóònù lóhùn, lẹ́tà lásán nìyẹn. Àkójọ ọ̀nà ló ń jẹ́ kó mọ ojú-ewé tí wọ́n ń bèèrè: ìlà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ló ní orúkọ, àdírẹ́sì, àti kíláàsì (apá kóòdù tó ní iṣẹ́ tirẹ̀) tí yóò dáhùn.

Kíláàsì tó ń darí ìbéèrè nìkan kọ́ ló nílò àkójọ yìí. Èyí tó ń to mẹ́nù nílò rẹ̀. Èyí tó ń wò ó bóyá ẹni tó wọlé láṣẹ láti rí ojú-ewé kan nílò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó ń fi líǹkì ránṣẹ́ sórí fóònù àgbẹ̀. Bí kálukú bá kọ tirẹ̀ sínú ara rẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n bá sọ /oja di /iye-owo, ibì kan ò ní gbọ́. Mẹ́nù á ti yí padà, líǹkì orí fóònù á ṣì máa gbé èèyàn lọ sí 404, ìyẹn "kò sí ojú-ewé yìí".

Ọ̀nà tó yá jù ni kí wọ́n gbé àkójọ náà síta gbangba, kí kíláàsì tó bá fẹ́ ẹ máa nawọ́ mú un. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbọ́kàn lé, nítorí ibikíbi nínú kóòdù ni ọwọ́ ti lè kàn án, ẹni tó sì ń ka kíláàsì kan kò ní mọ̀ pé ó gbára lé nǹkan míì. Èyí tó dára jù ni pé kí fáìlì tí áàpù fi ń bẹ̀rẹ̀ to àkójọ náà lẹ́ẹ̀kan, kó sì gbé e fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan látinú constructor rẹ̀, ìyẹn ibi tí kíláàsì ti ń gba ohun tó nílò nígbà tí wọ́n bá ń dá a sílẹ̀. Bí wọ́n bá wá fẹ́ dán mẹ́nù nìkan wò, ọ̀nà méjì péré ni wọ́n máa kó fún un, láìtan gbogbo áàpù.

Kí ohun tí wọ́n ń gbé fún wọn sì jẹ́ èyí tó ṣeé kà tí kò ṣeé yí. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti sábà ń bà jẹ́. Django àti Express, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ áàpù íntánẹ́ẹ̀tì, máa ń ka ọ̀nà láti òkè wá sísàlẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ bá àdírẹ́sì mu ni wọ́n ń mú. Ọ̀pọ̀ olùdarí tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà /oja/tuntun, níbi tí wọ́n ti ń forúkọ ọjà sílẹ̀, gbọ́dọ̀ wà lókè /oja/:ilu, níbi tí :ilu ti dúró fún orúkọ ìlú èyíkéyìí. Ká wá ní kíláàsì mẹ́nù, tí wọ́n fi èdè kóòdù JavaScript kọ, pe sort() lórí àkójọ náà kó lè tò ó ní a-b-d. sort() kì í dá ẹ̀dà sílẹ̀. Àkójọ gan-an ló ń tún tò. Àmì : ṣáájú lẹ́tà t, ni /oja/:ilu bá bọ́ sókè. Bí ìbéèrè /oja/tuntun bá dé, áàpù á máa wá ìlú tó ń jẹ́ "tuntun". Mẹ́nù ló ṣẹ̀, ibòmíràn ni wọ́n ti rí i, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ló sì ń jẹ àkókò jù. Bí wọ́n bá ti fi Object.freeze di àkójọ náà, sort() á kọ̀ lójú ẹsẹ̀. toSorted(), tó wọ JavaScript ní 2023, ń dá àkójọ tuntun padà. Àmọ́ freeze kì í wọnú o: ìlà tó wà nínú àkójọ ṣì ṣeé yí, àfi bí wọ́n bá di òun náà. Ní èdè Java, List.copyOf, tó ń dá ẹ̀dà àkójọ tí kò ṣeé yí sílẹ̀, ti wà láti Java 10, tó jáde ní 2018.

Orúkọ ló yẹ kí kíláàsì fi máa bèèrè ọ̀nà, kó má mú àdírẹ́sì há sórí. Bí url_for ti Flask, irinṣẹ́ irú Django, àti reverse ti Django ṣe ń ṣe nìyẹn: wọ́n gba orúkọ, wọ́n dá àdírẹ́sì padà.

Èyí tún wá ṣe pàtàkì fún àwa tí orúkọ ìlú wa ní àmì. Ẹ wo Ọ̀wọ́rọ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ lè jẹ́ O tí àmì abẹ́ àti àmì orí dá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì lè jẹ́ Ọ tó ti ní àmì abẹ́ lára tí àmì orí nìkan tẹ̀ lé e. Ojú kò lè fìyàtọ̀ sí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ méjì ni kọ̀ǹpútà kà á sí. Bí orúkọ bá wà nínú àkójọ kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni wọ́n á ti fi NFC, ìlànà Unicode tó ń mú kí ìkọsílẹ̀ lẹ́tà ṣọ̀kan, sọ ọ́ di irú kan náà, kí ìbéèrè tó bá ń ti orí fóònù bọ̀ náà sì kọjá NFC kí wọ́n tó fi í wé àkójọ.