Irun Ìrù Àgbọ̀nrín: Ibi tí Ìdẹ Ẹ̀tàn fún Ẹja Básì ti Ṣẹ̀

Bí ẹ bá wọ ilé ìtajà ohun ìpẹja èyíkéyìí ní Georgia, ní Amẹ́ríkà, odindi ògiri kan lẹ máa bá tó kún fún ìdẹ ẹ̀tàn. Òmíràn rí bí ọ̀pọ̀lọ́, òmíràn bí ekòló, òmíràn ń kọ mànà bí ìpẹ́ ẹja. Ẹ bi ẹni tó ń tajà níbẹ̀ pé ta ló kọ́kọ́ ronú kan irú nǹkan báyìí, ìtàn ọkùnrin kan ní Michigan tó jókòó tó ń gbẹ́ igi ló máa sọ fún yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ìtàn yẹn, kò sì tíì wọ̀ mí létí. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé Gúúsù níbí, láàárín Georgia àti Florida, lọ́wọ́ àwọn Muscogee àti Seminole tó ni ilẹ̀ náà, ni ìdẹ ẹ̀tàn fún básì ti ṣẹ̀, àti pé ọgbọ́n tí àwọn tó ń pa á jẹun lónìí ń lò, ọgbọ́n ọwọ́ wọn ni.

Kí ẹni tó wà nílé lè bá mi lọ, ẹja básì kò sí nínú odò tiwa. Ẹja omi dídùn ni, ìlà-oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà sì ni ilé rẹ̀. Èyí tí à ń sọ níbí ni básì ẹlẹ́nu gbàgà. Kì í lé ohun tó fẹ́ jẹ jìnnà. Abẹ́ ewéko tàbí ẹ̀gbẹ́ kùkùté tó rì sómi ló máa ń ba sí, ohun tó bá sì gba iwájú rẹ̀ kọjá, á la ẹnu, á fa ohun náà àti omi wọlé pọ̀. Ìdí nìyí tí yíyan ohun èlò fi ṣòro lórí rẹ̀. Ìwọ̀ gbọ́dọ̀ dé inú ewéko láìkọ́ ewéko, okùn sì gbọ́dọ̀ le débi tó máa lè fa ẹja jáde kó tó ráyè fi ara wé igi.

Ẹlẹ́rìí mi àkọ́kọ́ ni William Bartram, ọmọ Philadelphia, onímọ̀ ewéko. Láàárín 1773 sí 1777 ló rin Carolina, Georgia àti Florida já, ìwé tó kọ nípa ìrìn náà sì jáde ní 1791. Nínú rẹ̀ ló ti ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń pa ẹja tí òun pè ní tráòtù, tó jẹ́ orúkọ ẹja mìíràn, àmọ́ básì gan-an ni. Ó ní wọn kì í fi ohun jíjẹ kankan sẹ́nu ìwọ̀. Ènìyàn méjì á wọ ọkọ̀ kékeré kan, ọ̀kan á jókòó sí ìdí ọkọ̀ láti máa tukọ̀, èkejì á wà níwájú pẹ̀lú ọ̀pá tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12. Okùn tó wà lẹ́nu ọ̀pá náà le, àmọ́ kò gùn ju nǹkan bí ínṣì 20 lọ. Ìwọ̀ ńlá mẹ́ta tí wọ́n kẹ̀yìn síra ló wà lẹ́nu okùn. Wọ́n á wá fi irun funfun ìrù àgbọ̀nrín, ègé ọ̀já ojúgun pupa àti ìyẹ́ ẹyẹ aláràbarà dì í yíká títí yóò fi tóbi tó ìkúùkù, tí ìwọ̀ kò ní hàn síta mọ́. Bọ́bù ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lò ó ló wú mi lórí jù. Ẹni tó wà ní ìdí ọkọ̀ á máa wà á jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bèbè, á fi àyè sílẹ̀ níwọ̀nba tí ọ̀pá ẹnìkejì á fi kan etí ewéko tó léfòó. Ẹni tó di ọ̀pá mú á máa fi bọ́bù lọ, á máa fi í bọ̀, lókè omi gẹ́rẹ́, á jẹ́ kó fọwọ́ ba omi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lójijì ni ẹja á fò jáde lábẹ́ ewéko, á gbé e mì. Kò sí jíju ìwọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ìrìn jẹ́jẹ́ ni, ìfarapamọ́ ni, ibi tí ẹja wà gan-an ni wọ́n ń gbé ìdẹ lé.

Ewéko tó léfòó náà kì í ṣe àjèjì sí wa. Bartram dárúkọ ọ̀kan nínú rẹ̀ ní èdè àwọn onímọ̀, Pistia stratiotes, ó ní ó máa ń so mọ́ra di erékùṣù tó ń léfòó lórí odò St. Johns. Ojúoró nìyẹn! Ojúoró tiwa gan-an, èyí tí a fi ń wúre pé ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i lójú odò ní Florida, mo dúró wò ó títí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ni mo dàgbà sí, mo sì mọ̀ pé ẹja fẹ́ràn òjìji rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgèrè àti àwọ̀n là ń lò níbẹ̀ ju ìwọ̀ lọ.

Àwọn kan máa ń jiyàn pé Bartram kò kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn onílẹ̀ ló dá ọ̀nà yìí sílẹ̀. Kò kọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ta ló ń pa àgbọ̀nrín jù nílẹ̀ yẹn nígbà náà? Awọ àgbọ̀nrín ni òwò tó wà láàárín àwọn Muscogee àti àwọn òyìnbó, ìrù rẹ̀ kò sì wọ́n nílé ọdẹ kankan. Ta ló ń wé ọ̀já aláwọ̀ sí ojúgun? Ọkùnrin Muscogee àti Seminole ni, ọ̀já híhun náà sì wà lára aṣọ iyì wọn. Èwo ni ọ̀pá gígùn, nígbà tí igbó ọparun kún gbogbo ẹ̀bá odò Gúúsù? Gbogbo ohun tó wà lára bọ́bù yìí, inú agbolé wọn la ti lè kó o jọ láàárín wákàtí kan. Irin ìwọ̀ nìkan ni ti oníṣòwò, wọ́n sì ti ń fi egungun ṣe ìwọ̀ ní Florida tipẹ́ kí irin tó dé.

Èrò tèmi ni pé ọdẹ ló dá a sílẹ̀, kì í ṣe apẹja. Mo máa ń fojú inú rí i: ọdẹ kan gbé àgbọ̀nrín wá sí etí omi láti kun ún, irun ìrù já bọ́ sórí omi, ẹja ńlá kan yọ lábẹ́ ewéko, ó gbá a mú, ó tu ú dànù. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de ẹran kò ní jẹ́ kí irú àmì bẹ́ẹ̀ kọjá lásán.

Èdè wa gan-an mọ ìbátan tó wà láàárín iṣẹ́ méjèèjì. Ìdẹ, láti ara dẹ ni. Dẹ kan náà ló wà nínú ọdẹ, òun ló wà nínú ká dẹ tàkúté, òun ló sì wà nínú ìdẹkùn tí à ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run yọ wá nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń fi ìdẹ sẹ́nu ìwọ̀ àti ẹni tó ń sọdẹ nínú igbó, ọ̀rọ̀ ìṣe kan ló bí iṣẹ́ àwọn méjèèjì. Bartram fúnra rẹ̀, nígbà tó dé Cuscowilla ní 1774, olórí Seminole tó wà níbẹ̀ sọ ọ́ ní Puc Puggy, ìyẹn ọdẹ òdòdó. Àwọn tó ń pe ẹni tó ń ṣa ewé ní ọdẹ kò ní ṣàì pe ẹni tó ń fi irun tan ẹja bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ tráòtù ni Bartram pè é? Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Gúúsù ṣe ń pè é nígbà náà, mo sì ti pàdé àgbàlagbà tó ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀ títí di òní. Bass ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tó tan mọ́ ohun tó ń gún ni, nítorí ẹ̀gún tó wà ní lẹbẹ ẹ̀yìn ẹja. Ní 1802, Lacépède, ọmọ Faransé, fún un ní orúkọ onímọ̀. Ẹja kan tí lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya ni wọ́n kó dé Paris, ó rò pé lẹbẹ kékeré ọ̀tọ̀ ni apá tó ya náà, ó sì pe ìran ẹja náà ní Micropterus, onílẹbẹ kékeré. Àṣìṣe yẹn ló ń jẹ́ títí dòní. Salmoides ló pe ẹlẹ́nu gbàgà, èyí tó jọ sámọ́nì, Carolina ní Gúúsù sì ni àwòrán àti àlàyé tó gbára lé ti wá. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní 2022, básì Florida ni wọ́n fi orúkọ salmoides fún, wọ́n sì fún èyí tó wà lápá òkè ní nigricans. Ẹja Bartram ló gba orúkọ àkọ́bí.

Ó wá ku àwọn tó ń bá wa du ipò yìí. Àwọn ará Kentucky a máa ń fi George Snyder yangàn, aláago tó wà ní ìlú Paris ní Kentucky, tó ṣe ríìlì aláyìípo, ohun èlò tó ń ká okùn ìwọ̀, ní nǹkan bí 1820. Iṣẹ́ ọwọ́ tó dára ni, mi ò bu ẹnu àtẹ́ lù ú, nítorí òun àti àwọn aláago tó tẹ̀ lé e ló jẹ́ ká lè ju ìdẹ jìnnà. Àmọ́ ẹja kéékèèké láàyè ni wọ́n ń fi sẹ́nu ìwọ̀ wọn, kì í ṣe ìdẹ ẹ̀tàn. Ará Michigan tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ni James Heddon, olùsìn oyin ní Dowagiac. Wọ́n ní ó gbẹ́ igi kan níbi tó ti ń dúró de ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó jù ú sómi, básì sì gbá a lu. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìparí sẹ́ńtúrì 19 nìyẹn, ó lé ní 100 ọdún lẹ́yìn ìrìn-àjò Bartram. Ní ti àwọn tó ní eṣinṣin onírun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn irun tí wọ́n dì mọ́ ìwọ̀ kó lè jọ eṣinṣin, ló bí gbogbo rẹ̀, kòkòrò ni èyí sábà máa ń ṣàfarawé. Bọ́bù tó ìkúùkù kò jọ ohun kan láyé. Ìbínú ẹja ló ń ru sókè.

Ẹ̀rí tó tún lágbára lójú mi ni pé ọ̀nà náà kò kú. Àwọn tálákà Gúúsù, dúdú àti funfun, ń lo ọ̀pá gígùn àti okùn kúkúrú nínú igbó omi láti ìran dé ìran, wọ́n ń pè é ní doodlesocking. Ní California láàárín àwọn ọdún 1970, Dee Thomas ń fi irú ọ̀pá gígùn bẹ́ẹ̀ ki ìdẹ onírun bọ àárín koríko omi, ó sì ń borí nínú ìdíje débi pé àwọn tó ń bá a díje figbe ta. Ó gé ọ̀pá rẹ̀ kù sí ẹsẹ̀ bàtà 7½, kò jáwọ́ nínú ọ̀nà náà, ó sì gba ipò kìn-ín-ní ní adágún Bull Shoals ní Arkansas ní 1975. Flipping ni gbogbo ayé wá ń pè é báyìí. Ẹ gbé àpèjúwe Bartram kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: okùn kúkúrú, ọwọ́ jẹ́jẹ́, ìdẹ onírun, ibùba ẹja gan-an. Kí ló yàtọ̀?

Ohun tó kù, ẹni tó ń pẹja lónìí mọ̀ ọ́n. Nick Creme yọ ekòló oníke jáde ní Akron, Ohio, ní 1949. Ray Scott ṣe ìdíje pípa básì rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Beaver Lake ní Arkansas ní 1967, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í polongo ní 1972 pé kí wọ́n máa dá ẹja padà sómi láàyè. Ẹ̀rọ tó ń fi ẹja hàn lábẹ́ omi dé, ọkọ̀ eléré dé, Japan náà mú ọgbọ́n tirẹ̀ wá.

Àmọ́ mi ò lè fo ti George Perry. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà 1932, ọ̀dọ́mọkùnrin àgbẹ̀ yìí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ adágún Montgomery lẹ́bàá odò Ocmulgee, ní Georgia níbí, ìdẹ ẹ̀tàn kan ṣoṣo ni wọ́n sì jọ ń lò. Ẹja tó fà jáde wọn pọ́n-ùn 22 àti áúnsì 4. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n gbé e lọ sílé, ìdílé rẹ̀ sè é jẹ. Kò sí ẹni tó kọjá rẹ̀ títí di òní. Manabu Kurita bá a dọ́gba ní adágún Biwa ní Japan ní 2009, ẹja ààyè ló sì fi ṣe ìdẹ. Ocmulgee, orúkọ tí àwọn onílẹ̀ fún odò náà ni, omi tó ń hó ni wọ́n ní ó túmọ̀ sí.

Bí ẹ bá fẹ́ yan ohun èlò fún irú omi bẹ́ẹ̀, níbi tí ewéko ti dí, ẹ mú ọ̀pá líle tí kò kéré sí ẹsẹ̀ bàtà 7, ẹ mú okùn híhun tó nípọn, ẹ má jìnnà sí bèbè, ẹ má sì máa ju ìwọ̀ káàkiri. Níbi tí omi ti mọ́ gaara tí kò sí ewéko, okùn tín-ín-rín àti ekòló oníke ló yẹ, nítorí ẹja á rí okùn nípọn látòkèèrè. Èmi, mo máa ń di irun ìrù àgbọ̀nrín funfun mọ́ ìwọ̀ fúnra mi, mo sì máa ń fi òwú pupa wé ọrùn rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi èyí tí mo dì pa básì lẹ́bàá Ocmulgee, okùn tó wà lẹ́nu ọ̀pá mi nígbà tó gbé e mì kò tó ẹsẹ̀ bàtà méjì.